Ilé etí òkun tí wọ́n ń polówó fún wa l'Ábẹ́òkúta: owó rẹ̀ ti pọ̀ ju ilẹ̀ tó dúró lé lọ

Iléeṣẹ́ kan tó ń ta ilé àti ilẹ̀, tó ní ọ́fíìsì ní Òkè-Ìlewó níbí, ń polówó àwọn ilé tó wà lọ́nà Lẹ́kí sí Ajah fún àwa ará Abẹ́òkúta. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé ọjà tí wọ́n ń tà ló jẹ mí lógún, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn ló sì ń ta irú rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, ló ní kí n bá òun lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ilé náà kí òun tó sanwó.

Wọ́n tọ́jú wa dáadáa, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Ọkọ̀ wọn dé lásìkò, wọ́n fi sùúrù ṣàlàyé bí a ṣe lè san owó náà díẹ̀díẹ̀, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n gbé jáde sì ní àṣẹ gómìnà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè fún. Ilé náà fúnra rẹ̀ dùn ún wò: yàrá mẹ́rin, táìsì tó ń dán, kíṣínì tó fẹ̀. 180 mílíọ̀nù náírà ni wọ́n pè é.

Ọ̀dà ara fẹ́ǹsì ló kọ́kọ́ fa ojú mi. Láti ilẹ̀ títí dé ibi tí orúnkún ènìyàn mọ, ọ̀dà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ ni, ṣùgbọ́n èyí tó wà lókè rẹ̀ ti ṣá. Mo yà sí ẹ̀yìn ilé, mo rí i pé orí pèpéle gíga ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ kà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kíṣínì sì ti wú débi pé ó ń ha ilẹ̀ bí a bá ṣí i. Mo bi obìnrin tó ń mú wa káàkiri bóyá omi máa ń wọlé níbẹ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ má mikàn rárá, gbogbo Lẹ́kí ni òjò ń rọ̀ sí." Ọ̀rọ̀ yìí kò dáhùn ìbéèrè mi. Mègáàdì ilé kejì ló dáhùn rẹ̀, nígbà tí mo kí i tán: "Bàbá, tó bá ti di oṣù kẹfà, bàtà òjò la fi ń jáde níbí."

Ilẹ̀ Lẹ́kí tẹ́jú, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ irà tí wọ́n fi yanrìn dí. Irà wọ̀nyí ló ń gba omi òjò dúró tẹ́lẹ̀. Nígbà tí òjò ńlá bá bá ìgbà tí omi ọ̀sà kún pàdé, gọ́tà kì í ríbi da omi sí mọ́, omi á sì dúró sójú títì títí ọ̀sà yóò fi fà, bí ó ti wù kí gọ́tà ẹ́sítéètì náà dára tó. Omi abẹ́ ilẹ̀ tún sún mọ́ òkè níbẹ̀, nítorí náà ṣọ́kàwéè kì í pẹ́ kún. Àwa tí a ń gbé lórí àpáta kò bọ́ lọ́wọ́ omíyalé pátápátá, àwọn ènìyàn kú nínú èyí tó ṣẹlẹ̀ níbí ní oṣù keje ọdún 2018, ṣùgbọ́n tiwa máa ń ṣàn lọ. Odò Ògùn tó gba Láfẹ́nwá kọjá ló ń gbé e lọ sínú ọ̀sà Èkó, bí wọ́n bá sì tú omi sílẹ̀ ní ìsédò Ọ̀yán lásìkò òjò, àwọn ará Ìshẹrì ní ìsàlẹ̀ odò ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ìtàn etíkun yẹn kò pamọ́. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 bo Èkó mọ́lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kuramo ní Victoria Island, ó sì gbẹ̀mí àwọn ènìyàn. Ní Okun Alfa, òkun ti jẹ ilẹ̀ abúlé náà lọ. Ní ọdún 2023 àti 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi ní agbègbè Lẹ́kí, èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí omi kò lé jáde, katakata lè lé e.

Síbẹ̀, iléeṣẹ́ yìí ń fi sísúnmọ́ òkun bu owó lé ilé, nígbà tó yẹ kó fi dín in kù. Ẹni tó bá rà á ni yóò bu ilẹ̀ kún àgbàlá, tí yóò pààrọ̀ ilẹ̀kùn àti àga, tí kò ní lè dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí títì bá kún. Ìbánigbófò iná lásán kì í san owó omíyalé, àfi bí ènìyàn bá ní kí wọ́n fi kún un. Bó bá wá fẹ́ tà á, ẹni tó bá wá wò ó lóṣù kẹfà kò ní san iye yẹn.

Wọ́n ti pe àbúrò mi padà, wọ́n ní àwọn yóò yọ 15 mílíọ̀nù. A ní kí wọ́n jẹ́ kí sọ̀fíyọ̀ tiwa wọ̀n bí ilẹ̀ náà ṣe ga tó, kí a sì tún wá wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá. Wọ́n gba ti àkọ́kọ́, wọn kò tíì dáhùn èkejì. Ní ti ìwé àti ìwà sí oníbàárà, mo fọwọ́ sí wọn. Ní ti iye tí wọ́n ń pe ilé yẹn, n kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti san án.