Scapa Flow: Cöln ni kí ẹ kọ́kọ́ mòòkùn lọ bá

Ọ̀sẹ̀ kan lórí ọkọ̀ àwọn amòòkùn ní Stromness, ní Orkney lókè Scotland, tó owó tí wọ́n ń gbà, bí ẹ bá fi Cöln, ọkọ̀ ogun Jámánì kan tó rì síbẹ̀, ṣíde. Ọkọ̀ ogun Jámánì 74 ni wọ́n há mọ́ Scapa Flow, omi tó wà láàárín àwọn erékùṣù Orkney, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1919, Ludwig von Reuter, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ náà, pàṣẹ pé kí àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ kí omi wọlé, 52 rì. Wọ́n ti hú ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde, àmọ́ ńláńlá méje ṣì wà nísàlẹ̀.

Mẹ́ta nínú wọn, Kronprinz Wilhelm, Markgraf àti König, dojúdé, nítorí àgbá àti irin tó wà lókè wọn wúwo púpọ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò tan tọ́ọ̀ṣì sí, ògiri irin lásán ni yóò máa wò. Cöln ní tirẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn ní mítà 36. Ẹ óò rí ilé irin tí ọ̀gákọ̀ ti ń darí ogun, pẹ̀lú àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà yọjú.

Ẹ bèèrè irú nitrox, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, tí wọ́n ń rọ sí sílíńdà. Ní mítà 36, ìtẹ̀ ọ́síjìn inú èyí tó ní ọ́síjìn 30% kò kọjá 1.4 bar, 32% yóò dé 1.47, ó ti pọ̀ jù. Ojú yín ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sára sílíńdà.

Òtútù ló ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́. Omi ibẹ̀ kì í ju nǹkan bí 6°C lọ ní oṣù kẹta. Ó máa ń tó 13°C ní ìparí oṣù kẹjọ. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tú jáde nínú sílíńdà, ó ń tutù sí i; ọ̀rinrin á di yìnyín nínú regulator, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, fáàfù kò ní pa dé mọ́, afẹ́fẹ́ á máa ya jáde wìì. Ẹ má fi ẹnu fà á lórí ọkọ̀ kí ẹ tó bọ́ sómi, ẹ má sì fẹ́ atẹ́gùn sínú drysuit, aṣọ amòòkùn tí omi kì í wọ̀, lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ ń mí. Regulator méjì lórí fáàfù méjì ni kí ẹ gbé: bí ọ̀kan bá ń ya, ẹ tì í, kí ẹ bọ́ sórí èkejì.

Ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ agbéniga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ yàn. Àkàbà kì í rọrùn fún ẹni tó gbé sílíńdà méjì sẹ́yìn, tí ìka rẹ̀ sì ti kú.