Ọmọ ń fa igbó: ilé la ó ti yanjú ẹ̀ ni, àbí ọsibítù?

Ìyá kan ní Tankẹ, n'Ílọrin, bá pépà ìwégbó nínú àpò ṣòkòtò iléèwé ọmọ rẹ̀, ó ti rún wómúwómú. Ó ní, "Ṣé kí n pe àbúrò bàbá rẹ̀, àbí kí n gbé e lọ sí ọsibítù?"

Ti ilé ò ná ni lówó, àṣírí ò sì ní tú. Àmọ́ bí àbúrò bàbá bá ti mú pàṣán dání, bí wọ́n ṣe ń fi igbó pamọ́ dáadáa lọmọ máa kọ́. Ti ọsibítù gba owó káàdì, owó ọkọ̀, àti ẹnu aládùúgbò (èyí ló tiẹ̀ wọ́n jù), ṣùgbọ́n ojú àwọn dókítà ti rí irú ẹ̀ rí.

Ọmọbìnrin ńkọ́? Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, gbé jáde lórí Nàìjíríà sọ pé nínú ẹni 4 tó ń lo oògùn nílòkulò, obìnrin ni 1. A kì í tètè fura sí wọn, nítorí ta ló ń yẹ báàgì wọn wò? Ẹ má sì bá mi ka ẹ̀yà, bóyá Fúlàní ni, Núpé tàbí Yorùbá. Ẹgbẹ́ tó ń kó ni kẹ́ ẹ béèrè.

Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tó ṣì ń jẹun, tó ń sùn, ẹ pe àbúrò bàbá tó lè jókòó gbọ́ tẹnu ẹ̀. Bó bá ti ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ọsibítù ni, lọ́jọ́ náà gan-an.