Mo Ka "A Good Girl's Guide to Murder": Ẹni Tí Mo Fura Sí, Òun Kọ́

Tẹ́tẹ́ ló gbé mi dé ìdí ìwé yìí. Àbúrò mi obìnrin kà á tán, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní tí mo bá lè dárúkọ apààyàn náà kí n tó kà á dé ìdajì, òun á fọ abọ́ ilé fún oṣù kan gbáko. Tí n kò bá mọ̀ ọ́n, èmi ni màá fọ̀ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ìwé àwọn ọ̀dọ́ ni, kí ló le níbẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti wà nídìí abọ́.

Holly Jackson ló kọ ọ́, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni, ó jáde ní 2019. Little Kilton, ìlú kékeré àfinúrò kan ní England, ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 2012, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Andie Bell jáde nílé, kò sì wọlé mọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá òkú ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, Sal Singh, nínú igbó. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti dé láti orí fóònù Sal sórí ti bàbá rẹ̀ pé òun lòun ṣe é. Ọlọ́pàá pa fáìlì dé, bẹ́ẹ̀ wọn ò rí òkú Andie. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni Pip, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ìwé, fi ọ̀ràn yìí ṣe iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀. Sal ti ṣe é lóore rí nígbà tí Pip wà ní kékeré, ọkàn rẹ̀ ò sì gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pààyàn. Ó lọ kan ilẹ̀kùn àwọn Singh, Ravi àbúrò Sal ló ṣí i, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

(Pippa Fitz-Amobi ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Bí mo ṣe rí Amobi, mo nà ró. Ọmọ Nàìjíríà ni ọkọ ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, lọ́yà aláwàdà kan báyìí. Òǹkọ̀wé ò fi í ṣe ìran wò. Bàbá ilé ni, ó tán.)

Ohun tó mú mi jù ni bí wọ́n ṣe to ìwé náà. Láàárín ìtàn, Pip a máa kọ àkọsílẹ̀ ìwádìí rẹ̀ fúnra rẹ̀: ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn fi ránṣẹ́, máàpù, àti orúkọ àwọn afurasí tó ń gùn sí i lójoojúmọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ rí, ojú tìrẹ náà rí i. Èmi náà wá ìwé kékeré kan, mo ń kọ orúkọ sí i. Mo fa ìlà pupa méjì sábẹ́ ẹnì kan, mo tiẹ̀ ti ń ronú irú abọ́ tí màá máa dọ̀tí fún àbúrò mi. Irọ́ gbáà. Nígbà tí àṣírí tú, mo yára ṣí ìwé padà sẹ́yìn, mo sì bá ẹ̀rí náà níbi tí wọ́n gbé e sí ní gbangba, nínú ọ̀rọ̀ lásán tí mo fi ojú fò. Inú bí mi, inú mi sì dùn.

Tó bá jẹ́ orí fóònù lẹ fẹ́ kà á, àwọn máàpù àti àwòrán yẹn kéré, ẹ máa fẹ̀ ẹ́ títí. Ti bébà dára jù.

Àmọ́ kì í ṣe àlọ́ "ta ló pa á" nìkan ló wà níbẹ̀. Ilé àwọn Singh dà bí ilé iwin lójú ará ìlú. Wọ́n ń yára kọjá níwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ń kú sí wọn lẹ́nu. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ti Sal tún burú, nítorí òkú ò lè ròjọ́. Gbogbo ibi tí Ravi bá ti sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó kù sí ò ṣàì sí. Àwọn èèyàn ń tú àṣírí fún ọmọ ilé ìwé ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ọlọ́pàá sì dà bí ẹni tó sùn. Ní àárín, àwọn afurasí pọ̀ débi pé mo ń ṣi ẹnì kan pè ní ẹlòmíì. Ìparí náà: ìdí ọ̀rọ̀ kan tú, mo rò pé ó tán, mo wá wo iye ojú ewé tó kù, mo mọ̀ pé wọ́n tún ń bọ̀ wá bá mi. Àṣírí tó tẹ̀ lé e yẹn yára jù.

Oògùn olóró, ìfipábánilòpọ̀ àti ìpara-ẹni wà nínú rẹ̀. N ò ní gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ajá, ẹ mọ́kàn le. Ẹ̀dà ti Amẹ́ríkà gbé ìtàn náà lọ sí Fairview ní Connecticut. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí orúkọ ìlú kí ó tó yé wa. BBC ti fi ṣe eré tẹlifíṣọ̀n ní 2024, ṣùgbọ́n ẹ kà á ná.

Good Girl, Bad Blood, tó jẹ́ ìwé kejì, ti wà lórí tábìlì mi. Àbúrò mi ní ká tún ta tẹ́tẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n fọ ìkòkò yìí tán ná.