Bàlúù tó padà sí Àkúrẹ́: iṣẹ́ òkè dára, ti ilẹ̀ kò dára

Látìgbà tí bàlúù tó ń gbé wa lọ sí Èkó ti padà sí Àkúrẹ́ nítorí pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kan ṣàìsàn lókè ni àwọn oníbàárà mi ní Ọ̀nà Òǹdó ti ń bi mí pé ṣé àwọn ṣì lè wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ yẹn lọ sí Èkó. Ohun kan náà ni mò ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ wọ̀ ọ́. Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà síbí, torí iṣẹ́ ọwọ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: ti àwọn awakọ̀ méjì, ti àwọn ọmọbìnrin tó tọ́jú wa, àti ti àwọn tó wà nídìí káńtà lẹ́yìn tá a balẹ̀.

Mẹkáníìkì ni mí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ni mò ń tún ṣe, nítorí náà etí mi kì í sinmi níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ké. Bàlúù alábẹ̀bẹ̀ méjì la wọ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ìjókòó mi kò sì jìnnà sí ti ọ̀tún. A ti gbéra tán, òkè Ìdànrè ti hàn lójú fèrèsé, nígbà tí ìró ẹ́ńjìnnì ọ̀tún yí padà. Kì í ṣe ariwo ńlá. Ìró méjì tó ti ń bá ara wọn lọ tẹ́lẹ̀ ló yapa, ìjókòó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ mi. Nígbà tó yá, abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún dẹwọ́, ó dẹwọ́, títí ó fi dúró pátápátá tí mo lè ka abẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá àgbà kan tó wà níwájú mi figbe ta, “Jésù!” Ariwo sì gba inú bàlúù.

Èmi wo abẹ yẹn dáadáa. Wọ́n ti yí i, ó ti kọ ẹnu síwájú, afẹ́fẹ́ kàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá ni. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí abẹ̀bẹ̀ kò sì yí bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa kọlù ú gbàgà, á máa fa bàlúù sẹ́yìn lápá kan, ẹni tó ń wà á á sì máa bá a jìjàkadì. Ibi tí mo ti rí i pé ó yí ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹni tó mọṣẹ́ wà níwájú.

Àmọ́ kò sẹ́ni tó bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn ló sì bí ọ̀pọ̀ èrò nínú. Ẹ jẹ́ kí n gbèjà wọn níbí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lókè, iṣẹ́ àkọ́kọ́ awakọ̀ ni kó rí i pé bàlúù ṣì ń fò geere. Èkejì, kó mọ ibi tó ń gbé e lọ. Lẹ́yìn méjèèjì ló tó kan ọ̀rọ̀ sísọ. Kí wọ́n sì tó fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan á sọ èyí tó fẹ́ pa, èkejì á wò ó, á ní bẹ́ẹ̀ ni, òun nìyẹn. Ìkánjú níbẹ̀ ti pa èèyàn. Ní Taiwan, lọ́jọ́ 4 oṣù kejì ọdún 2015, ẹ́ńjìnnì ọ̀tún bàlúù alábẹ̀bẹ̀ kan pàdánù agbára kété tí wọ́n gbéra ní Taipei. Ẹ́ńjìnnì òsì, èyí tí kò ṣe nǹkan kan, ni awakọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Bàlúù já sínú odò, èèyàn 43 kú. Bí àwọn tèmi bá máa dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n ń pa, kí wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí kápítènì wá sọ̀rọ̀, ó sọ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀. Ó ní ìwọ̀n ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ti wálẹ̀, àwọn ti pa á kó má baà bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bàlúù ń fò dáadáa pẹ̀lú ẹyọ kan, Àkúrẹ́ la ń padà sí, a ó sì rí ọkọ̀ panápaná tá a bá balẹ̀, ká má jáyà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ló sọ. Kíá ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn ti wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ n bá yín fa bẹ́líìtì yìí le díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n pa, èkejì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ ń padà sílé ni.”

“Kò ní já, ọmọ mi?”

“Rárá, mà. Bàlúù yìí lè fi ẹyọ kan fò. Àwọn ọ̀gá wa máa ń fi dánra wò dáadáa.”

Òótọ́ ló sọ. Irú bàlúù ẹlẹ́ńjìnnì méjì tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fi ń kó èrò báyìí kì í rí ìwé àṣẹ gbà àfi tó bá lè gbéra kó sì máa gòkè bí ọ̀kan bá tiẹ̀ kú níbi tó ti sáré lórí ilẹ̀ dé ojú ìwọ̀n eré tí kò ti ṣeé dúró mọ́. Ìyá dákẹ́ ariwo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ọmọbìnrin yẹn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn àfìgbà tí wọ́n ní kí òun náà lọ jókòó.

Arákùnrin oníkóòtù kan lẹ́yìn mi ló wá ń bínú pé kí ló dé tí wọn ò kúkú máa lọ sí Èkó, ṣebí kò jìnnà, ṣebí ẹyọ kan ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo yíjú sí i. Mo sọ fún un pé dírẹ́bà tó bá rí i pé géèjì ọ́ìlì ti wálẹ̀ ní Àkúrẹ́ tó ní òun á dé Òrè kóun tó páàkì, ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì ni wọ́n máa ń fà wá bá mi. Òun ṣì ń jiyàn. Mo wá rán an létí ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012. Bàlúù kan gbéra ní Àbújá, ó ń bọ̀ l'Ékòó. Ìròyìn àjọ tó wádìí ìjàǹbá náà ní ìṣẹ́jú 17 péré ni wọ́n fò tí ẹ́ńjìnnì kan fi pàdánù agbára. Wọn ò padà, wọn ò yà. Wọ́n ń bọ̀ títí wọ́n fi sún mọ́ Èkó, ibẹ̀ ni èkejì náà ti kọ̀ tí kò dá wọn lóhùn mọ́, ni wọ́n bá já sí Ìjù-Ìṣàgá. Èèyàn 153 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́nì kan tó yè, ó tún pa àwọn tó wà nínú ilé wọn. Bí ẹyọ kan bá ti lọ, ẹyọ tó kù ni gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, pápákọ̀ tó yẹ tó sì yá jù láti dé lẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí. Arákùnrin náà kò fèsì mọ́.

Ó sì yẹ kí ti ọdún tó tẹ̀ lé e máa wà lọ́kàn àwa ará Òǹdó. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, ọkọ̀ tó ń gbé òkú gómìnà wa tẹ́lẹ̀, Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, bọ̀ wá sí Àkúrẹ́ já l'Ékòó bó ṣe gbéra. Orí ilẹ̀ ni géèjì abẹ̀bẹ̀ ọ̀tún ti ń fi hàn pé nǹkan kò rí bó ṣe yẹ, wọ́n sì tẹ̀ síwájú láti gbéra. Mo mọ ìdílé tí ọ̀fọ̀ ọjọ́ yẹn kàn. Nítorí náà, tí awakọ̀ kan bá gba ohun tí géèjì ń sọ gbọ́, tó gbé mi padà sí pápákọ̀ Àkúrẹ́ ní Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ níbi tó ti gbé mi, ohun tí mo sanwó fún gan-an ló ṣe fún mi.

Ìbalẹ̀ wa kò yàtọ̀ sí ti ìgbàkigbà. Àwọn panápaná sáré tẹ̀ lé wa. Àwọn kan ti dìde, wọ́n fẹ́ kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kíákíá, ohùn ọmọbìnrin yẹn sì le: “Ẹ jókòó!” Ó tọ̀nà. Iná kò jó, èéfín kò sí, abẹ̀bẹ̀ òsì ṣì ń yí. Ẹni tó bá fò sílẹ̀ nígbà yẹn ló ń wá ewu. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ dúró tí àwọn panápaná sì yẹ̀ ẹ́ wò tán la tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Kápítènì fúnra rẹ̀ wọlé wá bá wa ní yàrá ìdúró, ó dáhùn ìbéèrè, ó kí ìyá àgbà. Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí mo lè yìn ti tán. Àwọn tó wà nídìí káńtà kò mọ nǹkan kan, wọn ò sì pe ẹni tó mọ̀. “Ẹ ṣì máa dúró, sà” ni ṣáá. Ẹni tí ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lójú òfurufú, omi tútù lásán kò kàn án. Ìyá àgbà sùn sórí àga, ọmọ wọn l'Ékòó ń pe fóònù wọn láìdábọ̀, èmi ni mo ń gbé e fún wọn. Ọ̀sán ti lọ kí wọ́n tó sọ fún wa pé bàlúù mìíràn kò ní wá lọ́jọ́ yẹn.

Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, àwọn tó wà lókè gba márùn-ún nínú márùn-ún, káńtà gba ẹyọ kan. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀: kí ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ máa wà nílẹ̀ ní Àkúrẹ́ tí bàlúù bá padà, kí wọ́n fún èrò lómi, kí wọ́n sì tètè sọ fún wa tí kò bá ní sí ọkọ̀ kí oníkálukú lè múra ọ̀nà ilẹ̀. Wọ́n ti dá owó mi padà. Mo ti tún fi ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn.