Ẹni tó sanwó ló wà lókè: àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ àwárí tí mo ti ń lò láti ogún ọdún

Nọ́ńbà mẹ́rin nínú mẹ́fà ni mo ti kà fún un kí ojú mi tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi: "Má fún ẹnikẹ́ni." Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọkùnrin tó wà lórí fóònù ń retí méjì tó kù. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀rọ àwárí tí mo lò lọ́jọ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí àwọn fọ́tò mi wà lọ́dọ̀ wọn. Ohun tó ṣe mí lè ṣe ẹnikẹ́ni lórí èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà rówó. Bí wọ́n ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí, kálukú ló mọ ìyẹn.

Mo pààrọ̀ fóònù ni, àkáǹtì tí mo kó fọ́tò àti ohùn pamọ́ sí wá tilẹ̀kùn mọ́ mi. Ohùn màmá mi wà nínú rẹ̀, èyí tí mo gbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọrin nínú ilé ìdáná, oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó jáde láyé. Mi ò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo ṣe ohun tí mo ti máa ń ṣe: mo tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ náà, mo fi "nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kéà" tì í, mo sì pe èyí tó wà lókè pátápátá. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ẹ̀rọ àwárí, èyí tó bá wà lókè ni mo mọ̀ sí èyí tó dára jù.

Ọkùnrin náà gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn nìkan ì bá ti mú mi fura. "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú sùúrù, kí la lè bá yín ṣe?" Ohùn rẹ̀ tutù bí omi inú àmù. Mo ń gbọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti ọ́fíìsì gidi. Ó bèèrè orúkọ mi, ó bèèrè ìméèlì mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, fọ́tò mi ṣì pé. Nígbà tí mo mẹ́nu kan màmá mi, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere." Ibẹ̀ ló ṣì ń dùn mí jù dòní: ó ń bá mi kẹ́dùn, kóòdù mi ló sì ń dúró dè.

Bí mo ṣe dákẹ́ lẹ́yìn nọ́ńbà kẹrin, ohùn náà yí. "Mà, ẹ tètè o, ìṣẹ́jú méjì ló kù kí kóòdù yẹn kú." Mo ní bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yẹn ló ti ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, kí ló ń fi kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ṣe? Ó ní bí mi ò bá kà á, wọ́n máa pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ láàárọ̀ yẹn. Mo gé e. Ó pè mí padà nígbà mọ́kànlá.

Nígbà tí àyà mi rọlẹ̀, mo padà lọ wo ojúùwé náà. Ọ̀rọ̀ kan wà lókè ìlà yẹn, ó kéré, ó dúdú, ó ní ìpolówó ni. Ó wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, kò sí ohun tó fi yàtọ̀ sí ìdáhùn gidi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbájúẹ̀ náà sanwó, wọ́n sì gbé e ka orí ilé-iṣẹ́ tó ń fi orúkọ rẹ̀ lu jìbìtì.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wo Google, tó jẹ́ bàbá ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀ á rántí pé wọ́n máa ń fi àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kun ẹ̀yìn gbogbo ibi tí ìpolówó wà, téèyàn á fi mọ ààlà láìtíì ka ohunkóhun. Ní 2013, ó di àmì yẹ́lò kékeré. Ní 2016, àmì náà di àwọ̀ ewé, àwọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń kọ àdírẹ́sì àwọn ìkànnì gidi. Ní oṣù kìíní 2020, ó di dúdú, wọ́n sì fi àwòrán kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìdáhùn yòókù lọ́nà tí gbogbo rẹ̀ fi wá jọra. Àwọn èèyàn pariwo lọ́tẹ̀ yẹn, débi tí wọ́n fi ní àwọn máa tún un wò.

Ohun tó wá ń ká mi lára ni pé wọ́n mọ̀. Larry Page àti Sergey Brin, àwọn tó dá Google sílẹ̀, ṣì wà ní yunifásítì Stanford nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí wọn ní 1998 pé ẹ̀rọ àwárí tó bá ń fi ìpolówó jẹun máa gbè sẹ́yìn àwọn tó ń polówó ju ẹni tó ń wá nǹkan lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kẹwàá 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ AdWords, ètò tí àwọn èèyàn fi ń sanwó kí ìpolówó wọn lè jáde lórí Google. Ohun tó sì jẹ́ ká fẹ́ràn wọn nígbà yẹn ni pé wọ́n ń ka líǹkì bí ẹlẹ́rìí: ojúùwé tí ọ̀pọ̀ ojúùwé tó níyì bá tọ́ka sí ló ń bọ́ síwájú. Ẹ̀rí ló ń gbé èèyàn dókè.

Nígbà tó fi máa di 2006, orúkọ wọn, "google", ti wọ ìwé atúmọ̀ èdè Òyìnbó bí ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ sí wọn lójú mi nígbà náà, èmi gan-an ni máa ń gbèjà wọn. Lónìí, mi ò rí ẹni tó ń gbèjà mọ́. Àwọn tí mo mọ̀ ń fi "reddit", orúkọ ìkànnì kan tí àwọn èèyàn ti ń bá ara wọn fọ̀rọ̀wérọ̀, sídìí ìbéèrè wọn kí wọ́n lè bá èèyàn ẹlẹ́ran ara pàdé. Àwọn mìíràn ń fi "udm=14" sídìí àdírẹ́sì Google kí àkópọ̀ AI, ìdáhùn tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ, má bàa yọjú, èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù karùn-ún 2024, tó sì ní kí ẹnì kan fi gúlúù sí písà. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Google rú òfin kí ó lè máa dá jẹ gàba lórí àwárí. Ẹjọ́ yẹn ló tú u síta pé ní 2021 nìkan, wọ́n san bílíọ̀nù dọ́là 26.3 kí tiwọn lè jẹ́ èyí tó ti máa wà nílẹ̀ lórí fóònù àti bíráúsà kí oníǹkan tó ṣí i. Nígbà tí mo ka iye yẹn, mo bi ara mi pé nínú gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìgbà wo ni mo fúnra mi yan ẹ̀rọ àwárí rí?

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tèmi. Ìsàlẹ̀ rìsíìtì kan tó wà nínú ìméèlì mi ni mo ti rí nọ́ńbà gidi. Mo dúró fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì. Obìnrin ló gbé e, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ sọ lẹ́yìn ìkíni ni pé, "Mà, bí kóòdù kankan bá wọlé, ẹ má kà á fún mi. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra yín." Ó bi mí ní oṣù tí mo ṣí àkáǹtì náà, ó bi mí irú fóònù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tó ṣí, ó ní kí n wò ó bóyá ohùn náà ṣì ń dún. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Wọ́n ń kọrin." Ọlọ́run á bá mi san oore rẹ̀.

Ẹ̀rọ àwárí ńkọ́? Mo fẹjọ́ ìpolówó náà sùn. Fọ́ọ̀mù ni. Nínú àwọn ìdí tí wọ́n tò síbẹ̀, kò sí "olè ń fi orúkọ olórúkọ pe ara rẹ̀," mo bá mú èyí tó sún mọ́ ọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, èsì dé láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́ rẹ̀: àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò lòdì sí òfin àwọn. Mo pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọn ò fèsì. Mo wá nọ́ńbà tí mo lè pè, nínú ẹ̀rọ wọn gan-an ni mo ti wá a, kò sí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ìpolówó náà pòórá, wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Mo kó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi lo ẹ̀rọ mìíràn tó ní òun kì í tọpa ẹni. Ìròyìn, sípẹ́lì, adírẹ́sì ilé-iṣẹ́, ó ń wá wọn dáadáa, ọkàn mi sì balẹ̀ níbẹ̀. Mi ò rò pé màá padà.

Orin màmá mi ló dá mi padà. Nínú ohùn yẹn, ìlà méjì péré ló jáde, ìró ìkòkò sì bo ìdajì rẹ̀. Mo tẹ ohun tí mo gbọ́ sínú ẹ̀rọ tuntun, kò mọ̀ ọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ ní oríṣi ọ̀nà mẹ́fà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo padà sọ́dọ̀ èyí tí mo bínú sí, mo sì tẹ ìlà méjì náà bó ṣe rí, pẹ̀lú àṣìṣe inú rẹ̀. Ìpolówó mẹ́rin ló kọ́kọ́ jáde. Àkópọ̀ AI tẹ̀ lé e, ó ní orin ìgbéyàwó ni. Mo ń wá a lọ sísàlẹ̀, mo bọ́ sí ojú ewé kejì. Ní ìlà kẹtàlá, ìkànnì kan wà tí ọmọ ẹgbẹ́ akọrin kan ṣe, lẹ́tà dúdú lórí funfun, kò sí àwòrán, kò sí nǹkan títà. Gbogbo ẹsẹ rẹ̀ ló tẹ̀ síbẹ̀. Orin ìdágbére ni. Ẹsẹ kejì ni màmá mi ń kọ, ẹsẹ mẹ́rin ló sì ní. Mo ka ẹsẹ kẹrin tí wọn ò kọ dé, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kò sí ẹ̀rọ mìíràn tó rí i. Mo ti tún un dán wò lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn tó kọ́ irú nǹkan yẹn mọ iṣẹ́, ọwọ́ wọn ò sì tíì rọ. Àmọ́ ìlà kẹtàlá ni wọ́n gbé e sí, lábẹ́ àwọn tó sanwó àti lábẹ́ AI tí kò mọ orin ìdágbére yàtọ̀ sí ti ìyàwó.

Nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú fọ́tò mi ti wà nínú ìwé báyìí, mo fi bírò kọ ọ́. Mo tún ti da ohùn màmá mi kọ sí ibi mẹ́ta.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Nítorí ẹsẹ kẹrin ni. Ọjọ́ tí mo bá tún rí ìpolówó ọkùnrin yẹn lókè, màá padà wá sọ ọ́ di ẹyọ kan.