Búlọ́ọ̀kù dúdú fún báńdísọ́ọ̀ àtijọ́: ọjà dára, àwọn tó ń tà á ló kù

Búlọ́ọ̀kù onígíráfáìtì, èyí tó ń di bíléèdì báńdísọ́ọ̀ (ẹ̀rọ tí a fi ń gé pákó) mú lọ́tùn-ún lósì, ni mo fẹ́ rà; rọ́bà ni wọ́n tà fún mi. N óò sọ ibi tó dára nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti rọ́bà yìí kí inú mi lè rọ̀.

Mò ń gé ẹ̀yìn àga ìrókò lọ́wọ́, iṣẹ́ kọ́nà kọ́lọkọ̀lọ, bíléèdì kọ́tà ínṣì ló wà lórí ẹ̀rọ. Òórùn kan ṣàdéédéé gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ọmọṣẹ́ mi rò pé wáyà jẹnẹrétọ̀ ló ń jó, ó ti sáré jáde lọ pa á. Mo ṣí ojú ẹ̀rọ. Búlọ́ọ̀kù méjèèjì tó wà lókè ti yọ́. Ọ̀kan lẹ̀ mọ́ bíléèdì, ó ń fà tẹ́ẹ́rẹ́ bí mo ṣe ń fọwọ́ yí kẹ̀kẹ́; ojú èkejì ti jìn wọnú láàárín. Bíléèdì ti kúrò lórí ìlà, ó ti jẹ wọ ibi tí kò yẹ kó dé, ẹ̀yìn àga tí mo ti wà lórí ẹ̀ láti àárọ̀ di igi ìdáná. Àga mẹ́fà ni oníbàárà fẹ́, pákó kan náà ni mo sì ti ń yọ gbogbo wọn kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ohun tó túmọ̀ sí láti wá irú pákó bẹ́ẹ̀ kejì.

Ẹ̀rọ kò lẹ́bi nínú rẹ̀. Báńdísọ́ọ̀ ayé àtijọ́ ni, oníkẹ̀kẹ́ ínṣì 14, irin látòkè délẹ̀. Ọwọ́ bàbá káfíńtà kan ní Ìlódè ni mo ti rà á nígbà tí bàbá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì ní fi í gba pààrọ̀ àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tuntun tó ń gbọ̀n bí wọ́n bá ti tan iná sí wọn. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni gáìdì, ibi tó ń di bíléèdì mú kó má yẹ̀. Búlọ́ọ̀kù irin ló bá a wá, mẹ́rin, méjì lókè tábìlì, méjì lábẹ́. Irin kò gbọdọ̀ kan bíléèdì nígbà tó bá ń sáré. Ẹ gbọ́dọ̀ fi àyè tó tó nínípọn pépà kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ẹ sì fà á sẹ́yìn kí eyín má baà wọ àárín rẹ̀. Bí bíléèdì bá fẹ̀, kò sí wàhálà. Kọ́tà ínṣì ńkọ́? Bí ẹ bá yọ eyín kúrò nínú rẹ̀, mélòó ló kù tí búlọ́ọ̀kù máa dì mú? Ẹ bá fi agbára ti igi díẹ̀ báyìí, bíléèdì á sún sẹ́yìn, eyín á wọ àárín irin, iná á máa ta pàrà, eyín ẹ̀gbẹ́ kan á kú. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ̀rọ ò ní gé tààrà mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ni á máa fà sí. Ìrókò tún wá le jù, torí òkúta funfun tó máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹni tí bíléèdì rẹ̀ bá ti pàdé òkúta yẹn rí, kò nílò àlàyé.

Mo ti gbìyànjú oríṣiríṣi. Idẹ sàn ju irin lọ torí ó rọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń fẹ́ àyè pépà yẹn. Gáìdì oníbẹ́rìn dùn-ún wò, àmọ́ oje igi àti ìyẹ̀fun pákó máa ń dì mọ́ ọn lójú, owó rẹ̀ sì ga fún ẹni tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Igi ni mo lò pẹ́ jù. Àwọn òyìnbó ní igi kan láti erékùṣù Karibéánì, lignum vitae lorúkọ ẹ̀, tó ní òróró tirẹ̀ nínú. Èmi lo àyìn. Mo gé e, mo rẹ ẹ́ sínú ẹ́ńjìnì ọ́ìlì títí ó fi mu ún yó, mo dè é síbẹ̀. Bíléèdì ń kàn án, eyín ò bàjẹ́. Kìkì pé ó tètè ń jẹ ni, kò sí ọjọ́ tí n kì í yọ ọ́ kí n fi sáńpépà tún ojú rẹ̀ ṣe. Ohun tó lé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Iléṣà nìyẹn.

N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Irinṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń tà. Ọmọbìnrin kan ló ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp wọn, ẹnu rẹ̀ dùn, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. "Ẹ káàárọ̀ Dádì." "Ẹ kú iṣẹ́ Dádì." Mo bi í pé ṣé onígíráfáìtì ni. Ó ní òun ni. Mo tún bi í pé ṣé èyí tí wọ́n fi aṣọ àti rẹ́síìnì, gọ́ọ̀mù tó máa ń le, tò lé ara wọn ni, àbí rọ́bà lásán. Ó ní, "Dádì, ojúlówó ni, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo ní kó wọn ìbú rẹ̀ fún mi. Ó gbé rúlà ọmọ iléèwé lé e lórí, ó ya fọ́tò, fọ́tò ṣókùnkùn biribiri. Mo ní kó tún un yà. Àwòrán tó rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ránṣẹ́ sí mi, ọwọ́ òyìnbó ló di búlọ́ọ̀kù mú nínú ẹ̀! Mo sanwó sí àkáǹtì wọn, mo san owó wéébìlì lọ́tọ̀, awakọ̀ gbé e dé gáréèjì Ifẹ̀. Nígbà tí mo fi í sínú ihò, ó ń mì díẹ̀. Mo dè é, ó dúró. Ìyókù ẹ ti gbọ́.

Mo pe ọmọbìnrin yìí lọ́jọ́ tó yọ́. Ó ní, "Dádì, ó máa ń rùn bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni, tó bá yá á lọ."

Mo ní, "Ìyá mi, ó ti yọ́."

Ó ní òun á sọ fún máníjà. Máníjà ò pè. Mo fi fídíò ránṣẹ́, wọ́n wò ó, àmì búlúù méjì yọ, kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu.

Mo wọ mọ́tò Iléṣà. Títí a fi kọjá Òṣú, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni mò ń tò. Máníjà jẹ́ ọmọkùnrin tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Kò tilẹ̀ mú búlọ́ọ̀kù tó yọ́ náà sọ́wọ́, ìka kan ló fi tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí káńtà. "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ènìyàn ló ń rà á, ẹ̀yin nìkan lẹ wá ṣàròyé. Ó ní láti jẹ́ pé ẹ dè é le jù." Èmi tí mo ti ń ti igi sẹ́nu báńdísọ́ọ̀ kí wọ́n tó bí i! Mo ní kó dá owó mi padà. Ó nawọ́ sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: bí ọjà bá ti jáde, kò sí ìdápadà. Mo bá fa àpótí kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà gan-an, níbi tí oníbàárà ń gbà wọlé. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ló ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wọn ni wọ́n ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tí wọ́n ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ Ifẹ̀ ló lóṣòó sí Iléṣà. Ọmọbìnrin orí WhatsApp gbé omi tútù wá, ojú ń tì í, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi." Mo ní n kò mu. Nígbà tí oòrùn mú, mo mu ún.

Bàbá kan ló jáde láti ẹ̀yìn ilé. Tọ́nà ni, inú ọgbà wọn ló ti ń ṣiṣẹ́ irin tirẹ̀. Kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ó mú ọ̀kan nínú búlọ́ọ̀kù mi tí kò tíì yọ́, ó fà á lẹ́yìn rìsíìtì mi. Ìwé funfun báláú, kò sí nǹkan kan. Ó wọlé, ó tú páálí kan tó wà lábẹ́ káńtà, ó yọ òmíràn nínú ẹ̀, ó fa ìyẹn náà lórí ìwé kan náà. Ìlà dúdú yọ gbọọrọ. "Gíráfáìtì nìyí," ó ní, "ohun tó wà nínú pẹ́ńsùlù náà ni." Ó ṣáná láítà sí tèmi, ó yọ́, ó ń kán tó sílẹ̀. Ó ṣáná sí ti inú páálí, èéfín díẹ̀ ló rú, ojú rẹ̀ jó, kò yọ́. "Rẹ́síìnì yìí kì í yọ́. Tó bá ti le lẹ́ẹ̀kan, ó ti le nìyẹn." Ó wá yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ kí n lè rí aṣọ tí wọ́n tò lé ara wọn nínú rẹ̀, ìpele lórí ìpele, tín-ín-rín. Ó bojú wo máníjà, ó ní, "Páálí méjèèjì yìí ò dọ́gba, mo ti sọ fún yín." Máníjà ń wo fóònù.

Bàbá bi mí pé ṣé ẹ̀rọ ìsinsìnyí ni mò ń lò tàbí ti àtijọ́. Mo ní ti àtijọ́. "Ínṣì ni wọ́n fi ṣe ìyẹn nígbà náà." Ó fi kálípà wọn rọ́bà tí wọ́n tà fún mi: mílímítà 12. Ihò ara ẹ̀rọ mi jẹ́ ààbọ̀ ínṣì, mílímítà 12.7 nìyẹn. Ó kéré lójú, àmọ́ bí ẹ bá ti de súkúrù, búlọ́ọ̀kù á dẹ̀gbẹ́, igun rẹ̀ nìkan ló máa kan bíléèdì, gbogbo ooru á wá kóra jọ sí igun yẹn. Ojúlówó tó wà nínú páálí kejì jẹ́ 13, ìyẹn ò tilẹ̀ ní wọlé. Bàbá tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì kan, ó ń rọra fi búlọ́ọ̀kù ha á, ó ń wọ̀n ọ́n, ó tún ń ha á, ní ìbú àti ní gíga, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tó fi parí, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́. Mo nawọ́ owó sí i, ó ní kí n gbé e sápò. Ó bi mí ohun tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, mo ní àyìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Àyìn ò ṣe nǹkan kan. Kò kàn ní sùúrù ni."

Ó yá, ọjà gan-an. Ó dára débi pé inú ń bí mi pé ọwọ́ irú àwọn èèyàn yìí ló wà. Mo sún un mọ́ bíléèdì kọ́tà ínṣì lọ́tùn-ún lósì títí ó fi kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, mo sì jẹ́ kó bo eyín pàápàá. Bí ẹ bá ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú irin, ẹ ti pa bíléèdì nìyẹn. Ariwo tí ẹ̀rọ yìí ń pa tẹ́lẹ̀, bí ẹni ń fi ọlọ gbígbẹ lọ ata, kò sí mọ́. Àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jáde, bíléèdì kan náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ, kò fà sí ọ̀tún, kò fà sí òsì. Mo tiẹ̀ fi bíléèdì tó kéré jù lọ lọ́wọ́ mi sí i, ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì, èyí tí n kò gbójú-gbóyà gbé sórí ẹ̀rọ yìí rí, ó sì yí kọ́nà po bí mo ṣe fẹ́.

Ẹ má gbàgbé ti abẹ́ tábìlì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń tún ti òkè ṣe, a ó fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ kí ìyẹ̀fun pákó bò ó mọ́lẹ̀, a ó wá máa bú bíléèdì. Bẹ́rìn tó wà lẹ́yìn bíléèdì náà, ẹ fi àyè pépà kan sí i, kí ó má yí títí igi á fi ti bíléèdì bá a. Bí ojú búlọ́ọ̀kù bá jẹ, ẹ yọ ọ́, ẹ ha á lórí sáńpépà kí ó tẹ́jú, ẹ dá a padà. Nígbà tí mo bá fẹ́ la pákó tó nípọn pẹ̀lú bíléèdì tó fẹ̀, irin ni mò ń dá padà síbẹ̀ ní tèmi, kí n má fi iṣẹ́ agbára jẹ nǹkan olówó ńlá tán. Owó rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́. Fún nǹkan tí ọwọ́ kan lè kó mọ́lẹ̀, ó pọ̀ jù.

Wọ́n fi ojúlówó pààrọ̀ rọ́bà fún mi láì gba owó sí i. Máníjà ò ní "ẹ má bínú", ó kàn ní òun á fi owó wéébìlì ránṣẹ́ tó bá di ọ̀la. Ìwé ìdápadà yẹn ṣì wà lára ògiri nígbà tí mo jáde, páálí rọ́bà náà ṣì wà lórí pẹpẹ wọn, ó dá mi lójú pé wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ mú ìwé funfun dání. Mo búra níwájú gbogbo wọn pé n kò ní tẹ ibẹ̀ mọ́. Mo ti ní kí wọ́n fi mẹ́rin mìíràn pamọ́ dè mí, àmọ́ bàbá ni kó wọ̀n ọ́n.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹyọ kan tí mo yọ, kì í ṣe torí rọ́bà, kì í sì í ṣe torí ẹnu máníjà. Owó wéébìlì mi ni. Wọn ò tíì san án.