Ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ ní Massachusetts: ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ní òun ń kó groundhog lọ sínú igbó

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ọgbà ewébẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín ní Massachusetts, ọkùnrin kan ń polówó ara rẹ̀ lórí WhatsApp pé òun ń fi pàkúté mú groundhog (ẹranko ìdílé eku kan tó ń gbẹ́ ihò, tó sì máa ń jẹ ewébẹ̀ inú ọgbà) láàyè, òun sì ń gbé e lọ tú sílẹ̀ nínú igbó tó jìnnà. Ó máa ń gba $150 gẹ́gẹ́ bí owó àsansílẹ̀, ó sì tún ń gba owó lórí ẹranko kọ̀ọ̀kan tó bá ní òun mú. Zelle, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ lórí fọ́ònù láti báńkì sí báńkì, nìkan ló ń gbà, bẹ́ẹ̀ owó tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ́nà yẹn kì í sáábà ṣeé gbà padà.

Fọ́tò ló tú àṣírí rẹ̀. Kó tó béèrè owó ẹranko, ó máa ń fi fọ́tò ohun tó mú ránṣẹ́ sí onílé. Ìyá kan ládùúgbò wa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú mìíràn fi fọ́ònù wọn wéra, fọ́tò kan náà ni wọ́n sì rí: groundhog kan tí etí rẹ̀ òsì ya, nínú àgò onírin, tí garawa aláwọ̀ búlúù kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò ní irú garawa bẹ́ẹ̀ nílé. Ó tún gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní December pé òun ti mú méjì, nígbà tó jẹ́ pé láti nǹkan bí October títí di February tàbí March, inú ihò ni ẹranko yìí máa ń sùn sí, tí kì í jẹ, tí kì í mu. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa ọdún rẹ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe ní February 2, tí wọ́n ń wò ó bóyá yóò rí òjìji rẹ̀ nígbà tó bá yọjú láti inú ihò, yẹ kó ti fura.

Ká tiẹ̀ ní kò purọ́ rárá, iṣẹ́ tó ń polówó yẹn lòdì sí òfin. Ní ìpínlẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹranko igbó nínú ọgbà rẹ̀ kó lọ tú u sílẹ̀ níbòmíràn. Àwọn tí MassWildlife, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹranko igbó, fún ní láísẹ́ǹsì Problem Animal Control, ìyẹn láísẹ́ǹsì láti máa mú ẹranko tó ń yọ ènìyàn lẹ́nu, pàápàá kò ní àṣẹ yẹn. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n ní láti tú u sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti mú un, tàbí kí wọ́n pa á láìjẹ́ kó jìyà. Òfin náà sì nídìí. Nínú gbogbo ẹranko ìdílé eku ní Amẹ́ríkà, groundhog ni wọ́n ti ń rí àrùn dìgbòlugi jù lọ, ẹni tó bá sì gbé e kiri lè gbé àrùn náà dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ abo ni wọ́n gbé lọ ní May, ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú ihò, kí ebi sì pa wọ́n kú síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní òun yóò gbé e lọ sínú igbó fún yín, yálà irọ́ ló ń pa, tàbí òfin ló fẹ́ rú lórí ilẹ̀ yín.

Ẹnìkan tiẹ̀ sọ pé pàkúté tó ń há ẹranko lẹ́sẹ̀ ni ọkùnrin náà dẹ sí ẹ̀bá ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Òfin tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ní 1996 ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, ẹ béèrè nọ́ńbà láísẹ́ǹsì rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ MassWildlife, kí ẹ sì bi í ní ohun tí yóò ṣe sí ẹranko náà lẹ́yìn tó bá mú un. Ní tèmi, ọgbà tí a fi wáyà yí ká dára jù ú lọ, nítorí bí wọ́n bá kó ọ̀kan kúrò, òmíràn yóò wá gba ihò náà. Kí wáyà náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síta, kí ẹ má sì so òkè rẹ̀ le, torí pé groundhog mọ igi gùn, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gun ohun tó ń mì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti sanwó, ẹ lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ọ́fíìsì Attorney General (agbẹjọ́rò àgbà) ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ sì fi ti ẹranko tó Environmental Police, àwọn ọlọ́pàá tó ń mójú tó òfin ẹranko igbó, létí. Ẹ tètè ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ sí yín lórí WhatsApp báyìí, torí ó máa ń pa á rẹ́ kété tí owó bá ti wọlé.